Hóró Kòkó Méjìlá Nínú Wágọ́ọ̀nù Kékeré

Rélùwéè kò gba Àkúrẹ́ kọjá, kò gba Oǹdó, kò sì gba ibì kankan láàárín àwọn méjèèjì. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. N kò kọ́ ọ níbì kankan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí ọkọ̀ ojú irin tòótọ́ rí. Òṣogbo ni, nígbà tí mo bá wọn lọ síbi òkú. Ìró rẹ̀ dẹ́rù bà mí débi pé mo sá pamọ́ sẹ́yìn ìyàwó olóògbé náà.

Ṣùgbọ́n àwọn wágọ́ọ̀nù tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn wù mí, àwọn àpótí irin tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Orí nìkan ló ń pariwo. Àwọn wágọ́ọ̀nù kàn ń tẹ̀lé e ni, wọn kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo ní èmi gan-an rèé.

Iṣẹ́ páànù ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkarùn-ún àti ìkẹfà kò sì wọlé dáadáa. Garawa, àrọ, fìtílà alágolo, gọ́tà etí òrùlé, gbogbo rẹ̀ ni mo ti ṣe. Nígbà tí ike gba garawa àti àrọ lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi dilẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá fi fídíò hàn mí lórí fóònù: àwọn òyìnbó arúgbó tí wọ́n ń fi páànù àti pákó ṣe rélùwéè kékeré sínú ilé wọn. Ọ̀kan nínú wọn dàgbà jù mí lọ dáadáa, ó dé fìlà awakọ̀, ó ń fọn fèrè. Ojú kò tì í rárá. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kí wọ́n da agolo nù nílé wa mọ́.

Agolo sàdíìnì ni mo fi ṣe wágọ́ọ̀nù àkọ́kọ́. Agolo mílíìkì tí mo là, tí mo tẹ́ pẹrẹsẹ, ni mo fi ṣe àwọn yòókù, mo fi òjé jó wọn pọ̀. Wọ́n di méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó búrẹ́dì kékeré. Mo kan wáyà nínípọn mọ́ pákó, ìyẹn di ojú irin. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì kan ní pálọ̀, ó gba àárín kọjá bí afárá tí àlàfo wà láàárín pákó rẹ̀, ó parí sórí tábìlì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì.

Táyà ni wàhálà. Ìdérí ìgò mínírà ni mo fi ṣe é. Tí mo bá ti wágọ́ọ̀nù síwájú, á rìn díẹ̀, á wá yà bàrá kúrò lórí irin bí ẹni tó rántí pé òun gbé ọbẹ̀ kaná. Mo mọ̀ pé táyà rélùwéè tòótọ́ ní nǹkan kan tó ń dì í mú, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó inú fídíò kì í fi abẹ́ hàn. Ohun tí mo wá ń wá kiri kò ju ẹyọ kan lọ: ojúlówó wágọ́ọ̀nù ẹrù, kí n rà á, kí n dojú rẹ̀ délẹ̀, kí n wo abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí sí Ìjàpọ̀ Ẹ̀sítéètì láti tún gọ́tà ṣe. Nígbà tí mo parí, mo wọ pálọ̀ gba omi mu. Mo bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àti aago kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wágọ́ọ̀nù ẹrù ni. Irin gidi, ó pupa bí ilẹ̀ wa, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé ṣí. Ọmọ bàbá onílé tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìbí, ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé kí nìdí. Mo na ọwọ́ sí i.

"Gbé e sílẹ̀."

Mo mọ ohùn náà kí n tó yíjú. Omi tí mo mu fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ogún ọdún, aránpò ni mí ní sítọ́ọ̀ kòkó kan ní Oǹdó. Tí wọ́n bá ti da kòkó sínú àpò ìdọ̀họ tán, èmi ni mo ń rán ẹnu rẹ̀. Gírédà ni ẹni tí ìjọba ń rán wá láti yẹ kòkó wò. Irin oníhò gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń gún àpò, hóró kòkó á sì tẹ̀lé irin náà jáde, gírédà á wá fi ọ̀bẹ gé e sí méjì láti wo inú rẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ewúrẹ́ inú ọgbà pàápàá á dúró dáadáa. Ní ọjọ́ kan, ẹni tó ni sítọ́ọ̀ da kòkó tutù sí àárín àpò mẹ́rin, ó fi gbígbẹ bò ó lókè àti nísàlẹ̀, ó ní kí n rán an. Mo rán an. Gírédà dé, ó gún un, ó gé e, ó fi ahọ́n kan án, ó ní, "Ta ló rán àpò yìí?"

N kò mọ èsì tí wọ́n fún un, torí nígbà náà mo ti wà nínú gọ́tà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. N kò padà sí sítọ́ọ̀ náà mọ́. Mo gba Àkúrẹ́ lọ, mo kọ́ṣẹ́ páànù, mo fẹ́yàwó, mo bímọ. Tí ẹ bá wo ayé mi dáadáa, sísá fún ọkùnrin kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀.

Òun náà ló dúró lẹ́yìn mi yìí, ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ rà á ni." Ògiri ni mo kọjú sí tí mo fi sọ ọ́.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo ń ṣe rélùwéè sílé ni, sà. Kékeré."

"Kí ni rélùwéè rẹ ń kó?"

Ẹni tó ní làákàyè ì bá ní iṣu ni. Ì bá ní kò kó nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló fèsì fún mi. "Kòkó ni, sà."

Bàbá náà fa bẹ́líìtì rẹ̀ sókè. "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Kò tíì sí, sà."

"Wágọ́ọ̀nù tèmi kò ní kó kòkó tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Màá wá sílé rẹ ní Sátidé. Tí kòkó bá yege, o máa san owó, o máa gbé wágọ́ọ̀nù. Tí kò bá yege, ó ń padà sórí tẹlifíṣọ̀n."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì gbé àkàbà mi. Mo ti dé ẹnu géètì kí n tó rántí pé n kò ní kòkó.

Ìyàwó mi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, kò rí ìṣòro kankan nínú rẹ̀. Mo ti gé àpò ìdọ̀họ ògbólógbòó kan, mo ti fi rán àpò kéékèèké méjìlá. Àpò kan kò ju àtàǹpàkò lọ, hóró kòkó kan ló sì lè gbà.

"Ẹ fi ìyẹ̀fun pákó kún un," ló wí. "Ẹ rán an pa. Ta ni yóò mọ̀?"

"Gírédà."

"Bàbá arúgbó tó ń lo awò yẹn?"

"Ahọ́n ló fi ń ríran."

Ó wò mí, ó wo àpò, ó padà sídìí iná. "Ẹ ṣáà rí i pé ẹ ò sọ ulé mi di sítọ́ọ̀ kòkó."

Mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bọ́lọ́rundúró ni oko rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n iwájú ilé rẹ̀ ní Oǹdó ló ti ń sá kòkó. Mo bá a tó ń fi ẹsẹ̀ tú u ká lórí ẹní.

"Mélòó lo ní o fẹ́?"

"Méjìlá."

"Àpò méjìlá?"

"Hóró méjìlá."

Ó wá àpótí, ó jókòó. "O wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ wá gba hóró kòkó méjìlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ara ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le."

"Tìrẹ ló wá ń ṣe ọ́ nìyẹn."

Mo ṣàlàyé fún un. Nígbà tí mo dé orí ẹni tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀gbọ́n mi di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òun yẹn! Ṣé ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà ọ́ ni?"

"Ẹ̀rù kọ́. Ọ̀wọ̀ ni."

"Ọ̀wọ̀ ló gbé ọ wọ gọ́tà nígbà yẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ẹní. Mo ń ṣa hóró kéékèèké. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, wọn kò tíì gbẹ, kí n padà wá ní Mọ́ńdè. Mo rò ó. Tí kòkó bá tutù, gírédà á bínú. Tí n kò bá ní kòkó ní Sátidé, gírédà á bínú. Ìbínú ti àìní kòkó dá mi lójú. Ti kòkó tutù, bóyá ahọ́n rẹ̀ ti darúgbó, kò ní mọ̀. Mo kó hóró méjìlá sínú áńkáṣíìfù, mo dúpẹ́, mo lọ. Ẹ rí i pé lẹ́yìn ogójì ọdún, mo tún fẹ́ rán kòkó tutù fún ọkùnrin kan náà, lọ́tẹ̀ yìí láìsí ọ̀gá kankan tó rán mi níṣẹ́.

Ní Sátidé, ó dé ní aago mẹ́wàá. Ṣòkòtò kákí péńpé ló wọ̀, sọ́ọ̀kìsì rẹ̀ dé orókún. Ó gbé wágọ́ọ̀nù pupa sínú báàgì kan, ọ̀bẹ rẹ̀ sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì mú irin oníhò ọjọ́ náà lọ́hùn-ún dání. Irin náà gùn ju wágọ́ọ̀nù mi mẹ́ta lápapọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ìyàwó mi kí i. "Ẹ ó mu omi?"

"Lẹ́yìn iṣẹ́."

Mo ti to àpò méjìlá sórí tábìlì. Ó gbé irin lé èkíní, irin náà sì tóbi jù ú lọ, bí ẹni fẹ́ fi òpó gún ẹ̀wà. Ó gbé irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n tú àpò.

"Àpò mélòó lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, sà?"

"Gbogbo rẹ̀. N kì í yan ẹnikẹ́ni láàyò."

Ó mú hóró jáde nínú àpò kìn-ín-ní, ó gé e sí méjì, ó tò ó sínú abọ́ tánganran. Àpò kìn-ín-ní ṣófo. Ó gé ti èkejì. Ó ṣófo. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹrù ń tán, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ ti wọ ẹ̀kẹta. Nígbà tó fi máa gé èkejìlá, kò sí ẹrù mọ́. Ìlàjì mẹ́rìnlélógún ló kù nínú abọ́. Ó fi ahọ́n kan ọ̀kan.

"Tutù," ló wí. Ó mú òmíràn. "Tutù."

Ó wá gbé àpò òfìfo kan sún mọ́ awò rẹ̀, ó fi èékánná tọ ipa okùn tí mo fi rán an láti òpin dé òpin. Ìyẹn ni n kò rò tẹ́lẹ̀. Okùn ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì ránṣọ máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Aránpò kan ṣoṣo ní gbogbo Oǹdó ló ń fi ọwọ́ òsì rán àpò," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo wá a títí."

Èyí tó kàn tí mo mọ̀, mo wà ní ilé ìwẹ̀, mo ti ti ilẹ̀kùn, mo dúró sínú garawa. Mi ò lè sọ ìdí tí mo fi wọnú garawa. Omi wà nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi ní ìta. "Ẹ má bínú, Bàbá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí àwọn oníná bá wá gé iná, ibẹ̀ náà ló máa ń lọ."

Ẹsẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́, sà."

"N kò tíì sọ ẹni tí mò ń bèèrè."

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó síwájú ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mi.

"Àpò mẹ́rin ọjọ́ náà, ìwọ lo da kòkó tutù sí i?"

"Rárá, sà. Mo kàn rán an ni."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí o sọ ẹni tó dà á ni. Ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo dúró dè ọ́ nínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí o kò yọjú, ẹni tó ni sítọ́ọ̀ ní irọ́ ni mo ń pa mọ́ òun, pé mo fẹ́ gba rìbá. Àwọn ọ̀gá mi gbà á gbọ́. Kòkó náà lọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ mi, òun nìkan ni kòkó tutù tó kọjá lójú mi."

Mo wo ẹsẹ̀ mi nínú omi. Láti ọjọ́ náà wá, èrò mi ni pé ó ń wá mi láti lù mí.

"Ẹni tó ni sítọ́ọ̀ ló dà á, sà," ni mo wí fún ilẹ̀kùn. "Ojú mi ló ṣe é. Ẹ ò purọ́."

Mo gbọ́ tó ti àga sẹ́yìn. "Ó dáa. Jáde wá."

"Ṣé ẹ máa lù mí, sà?"

"Èjìká ń dùn mí."

Mo jáde. Ìyàwó mi wo ṣòkòtò mi tó tutù dé orókún, ó sì lọ mú aṣọ ìnulẹ̀ wá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ìdáríjì ti dé, pé wágọ́ọ̀nù di tèmi. Mo na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀. Ó fà á sẹ́yìn.

"Kò yege," ló wí. "Lọ sá a. Sátidé tó ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi fi agolo mílíìkì kan tó kún fún kòkó ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀, ó ní kí n má tún yọ òun lẹ́nu mọ́. Mo fi odidi ọ̀sẹ̀ sá a lórí àwo lẹ́yìnkùlé, mo jókòó tì í pẹ̀lú igi nítorí adìẹ. Mo ń fi fọ́ọ̀kì yí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọjá á kí mi pé ẹ kú iṣẹ́, á wo àwo, á sì yára rìn.

Lọ́jọ́ Sátidé kejì, ó kọ́kọ́ yẹ kòkó inú agolo wò kí n tó di nǹkan kan sínú àpò. Ó gé, ó tọ́ ọ wò, ó tún gé. Ó pa ojú dé. "Gírédì kìn-ín-ní," ló wí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n máa rán an lójú òun. Mo fi ọwọ́ òsì rán àpò méjèèjìlá, ó sì ń wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló gbé wágọ́ọ̀nù pupa kalẹ̀ sórí irin mi. Ó dúró ṣinṣin. Ó to àpò sínú rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn, ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, ó sì fi òjé mi jó o pa. Mo san owó rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ wo abẹ́ táyà ni, sà. Òun ni mo ṣe rà á."

"Ẹrù wà nínú rẹ̀. Èdìdì ìjọba wà lẹ́nu rẹ̀. A kì í yí wágọ́ọ̀nù tó ru kòkó po."

"Ká kó o sílẹ̀ díẹ̀, sà."

"Kò ṣeé ṣe títí yóò fi dé Èkó."

Mo bi í pé níbo ni Èkó wà. Ó wo pálọ̀ yíká, ó ní ẹ̀gbẹ́ fíríìjì. Mo ti wágọ́ọ̀nù dé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì wéré. Kò yà kúrò lórí irin rárá, ìyẹn sì mú kí ara túbọ̀ yún mi láti rí abẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ní Èkó, gírédà mìíràn ló gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò, torí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Oǹdó, ìyẹn tábìlì kìn-ín-ní, kò lè tún jẹ́ ẹni tí yóò gbà á ní Èkó. Wọn á ní ó gba rìbá.

"Ìyàwó mi wà níbí, sà," ni mo wí.

Ìyàwó mi yọjú láti ibi ìdáná, ó mú ṣíbí ọbẹ̀ dání, ó wo wágọ́ọ̀nù. "Ó kéré," ló wí. "Ẹ dá a padà."

"Ó gbọ́dọ̀ padà," ni gírédà wí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ fún un.

Báyìí ni wágọ́ọ̀nù náà ṣe padà sí Oǹdó, tó sì tún lọ sí Èkó ní Sátidé kẹta, tí wọ́n tún dá a padà. Mo ní ojúlówó wágọ́ọ̀nù nílé ara mi, n kò lè wo abẹ́ rẹ̀, torí èdìdì òjé kan tí mo lè fi ìka kan tú.

Ní Sátidé kẹrin, kí ó tó dé, ọgbọ́n kan wá sí mi lórí. Mo ti wágọ́ọ̀nù dúró sórí afárá, láàárín tábìlì méjèèjì, mo sì lọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. N kò yí i po. N kò tú èdìdì. Mo wo òkè. Ó wà níbẹ̀: etí tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ẹ̀gbẹ́ inú táyà ká, bí etí ìdérí ìkòkò tó wọnú ẹnu ìkòkò. Ohun tó ń dì í mú kò ju ìyẹn lọ. Mo ti ṣe ìdérí ìkòkò bí ẹgbẹ̀rún láyé mi.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

Sọ́ọ̀kìsì méjì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ta, orúnkún mi gbá pákó tábìlì, èmi náà sì dúró síbẹ̀.

"Mo ń wo abẹ́ rẹ̀, sà. N kò fọwọ́ kàn án."

"Kí lo rí?"

"Etí ni, sà. Táyà náà ní etí."

Mo gbọ́ tí irin rẹ̀ kan ilẹ̀, mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ ń dún.

"Sún," ló wí.

Mo sún. Ó dùbúlẹ̀ tì mí, ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó sì tan iná sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ó ṣe máa ń yẹ kòkó wò. Èjìká rẹ̀ kan tèmi. N kò sá. Ká sọ òtítọ́, ẹsẹ̀ tábìlì kò fún mi láyè.

Ìyàwó mi wọlé, ó bá ẹsẹ̀ mẹ́rin nílẹ̀. Ó fi ìka kan ti wágọ́ọ̀nù kọjá lórí wa padà sí Oǹdó, ó ní òun ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ẹrù yẹn kéré.